Ìró tí ẹ gbà sórí fóònù

Houston, Texas

Bàbá mi,

Mo gbọ́ ìró Corolla yín tí ẹ fi ránṣẹ́, mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kọ́-kọ́-kọ́, bí ẹni ń pa ekùrọ́ lórí òkúta. Ẹ ní bí ẹ bá ń lọ tààrà, kò ní dún; àfi tí ẹ bá yà sí òsì láti wọ géètì. Bàbá mi, ìyẹn kì í ṣe gíábọ́kìsì. Ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì tú u.

Ọ̀pá irin tó ti ibi gíábọ́kìsì lọ sí táyà iwájú, ṣáàfùtì, ní oríkèé kan nídìí táyà, òun ni CV joint, òun ló sì ń dún. Bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà ló ń yí nínú rẹ̀. Rọ́bà dúdú tó ká jọ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ló bò ó, tó há gíríìsì mọ́ ọn. Rọ́bà yẹn ló máa ń kọ́kọ́ ya. Gíríìsì á fọ́n dànù, yanrìn òun omi á wọlé, wọn á wá máa lọ irin náà bí ọlọ ṣe ń lọ ata.

Ẹ yí sítíárìn tán, kí ẹ bẹ ẹ̀yìn táyà wò. Bí gíríìsì dúdú bá ti ta sára ríìmù nínú lọ́hùn-ún, ẹ fi ìka méjì pa á. Bó bá ń ha yín lọ́wọ́, jọ́ìǹtì yẹn ti lọ. Tó bá jẹ́ òsì ni ẹ yà tó dún, ti ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí òun ni ẹrù ọkọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mẹkáníìkì ní kí ẹ pààrọ̀ ṣáàfùtì méjèèjì. Èmi ò gbà. Ti òsì tí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, rọ́bà rẹ̀ kàn sán ni, kò tíì dún. Kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, kí wọ́n fi gíríìsì tuntun àti rọ́bà tuntun sí i, kí wọ́n sì fi kílíǹpù irin dè é. Okùn ike ni ẹnì kan fi di tèmi níbí. Kò pé oṣù méjì tó já.

Ti ọ̀tún, ẹ ra odidi ṣáàfùtì tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Gate. Ẹ gbé ti tẹ́lẹ̀ dání, kí wọ́n ka eyín àwọn méjèèjì kó dọ́gba. Ẹ dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, kí ẹ lọ́ ọ síwá sẹ́yìn. Èyí tó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn. Nọ́ọ̀tì ńlá àárín táyà, tuntun ni kí mẹkáníìkì lò. Ọ́ìlì gíá á dà sílẹ̀ tí wọ́n bá fa ṣáàfùtì yọ. Ẹ dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi bu òmíràn dípò.

Owó àtúnṣe rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọkọ̀ náà lọ Òṣogbo lọ́sẹ̀ yìí. Bí jọ́ìǹtì bá já lọ́nà, ẹ́ńjìnnì á máa ké lásán, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan. Tí wọ́n bá ṣe é tán, ẹ tún gba ìró rẹ̀ fún mi, níbi géètì yẹn náà.

Ọmọ yín,
Akin