Ìmọ́lẹ̀ Ahoyéyé: Yíya Àwòrán Ènìyàn Nílé Wọn

Ẹni tí ó bá gbéra ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, tí ó sì dorí kọ àríwá, yóò la Sakété kọjá kí ó tó dé Pobè. Ilẹ̀ òkè pẹrẹsẹ náà pupa bí osùn. Ọ̀pẹ ni ó wà lọ́tùn-ún, ọ̀pẹ ni ó wà lósì. Kò yani lẹ́nu pé Pobè ni ìjọba amúnisìn Faransé yàn ní ọdún 1922 láti dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀, ibùdó tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì dáwọ́ dúró. Ahoyéyé jẹ́ ọ̀kan nínú àrọ́ńdísìmáǹ márùn-ún tí ó para pọ̀ di kọ́múùnù Pobè. Àwọn mẹ́rin yòókù ni Igana, Issaba, Towé àti Pobè fúnra rẹ̀. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀, èdè wa ni wọ́n sì fi ń kíni káàbọ̀.

Kámẹ́rà ni a gbé lọ. Àwa kì í jókòó sí ṣọ́ọ̀bù retí oníbàárà. Ilé wọn, oko wọn àti ojúde wọn ni a ti ń yà wọ́n. Ìyá arúgbó lè ránṣẹ́ pè wá lónìí, kí ó jẹ́ ẹgbẹ́ obìnrin elépo lọ́la, kí ó sì jẹ́ ọlọ́kọ̀ zémidjan tàbí oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́tùn-únla. Kálukú ni ó ní bí ó ṣe fẹ́ kí ayé rí òun, oòrùn ojú ọ̀run sì ní bí ó ṣe ń ràn tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Iṣẹ́ wa ni láti bá àwọn méjèèjì ṣe àdéhùn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ní agbègbè wa, àwòrán tí ó gbẹ̀yìn ènìyàn ni a ń tẹ̀ sára aṣọ ńlá tí a ń ta sí ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ ìsìnkú, òun ni a ń tẹ̀ sára ẹ̀wù àwọn ọmọ, òun ni a ó sì gbé kọ́ sí pálọ̀ fún ogún ọdún. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó sì lọ láìní ju àwòrán káàdì ìdánimọ̀ lọ. Wọ́n á mú àwòrán kékeré náà, wọ́n á fẹ̀ ẹ́ títí ojú yóò fi di ṣáṣá, ojú ẹni tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ní kí ó ṣí fìlà, tí wọ́n sì tàn mọ́nàmọ́ná fíláàṣì sí lójú. Ojú yẹn ni àwọn ọmọ-ọmọ yóò mọ̀ ní bàbá. Nígbà tí ìjọba Benin ṣe ìkànìyàn RAVIP ní ọdún 2017 àti 2018, ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró níwájú kámẹ́rà kí orúkọ wọn lè wọ ìwé. Ìyẹn dára fún ìjọba. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọba nílò láti fi dá ènìyàn mọ̀ kò tó ohun tí ilé nílò láti fi rántí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ti ìmọ́lẹ̀. Ahoyéyé wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán máa ń dúró sí àtàrí ènìyàn gan-an. Bí a bá ya ènìyàn ní gbangba ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀, iwájú orí rẹ̀ yóò máa kọ yẹ̀rì, imú rẹ̀ yóò máa dán, ṣùgbọ́n ihò ojú rẹ̀ yóò ṣókùnkùn bí ẹnu kànga. Ẹni tí kò sí ojú rẹ̀ nínú àwòrán, kò sí ohun tí a yà. Ìdí nìyí tí a fi ń fẹ́ àárọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, àti ìrọ̀lẹ́ láti aago mẹ́rin. Ìrọ̀lẹ́ kì í pẹ́ níhìn-ín. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ìmọ́lẹ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oníbàárà ni ó lè dúró de ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó ń bọ̀ láti oko ní ọ̀sán gangan, inú ilé rẹ̀ ni a ń bá a wọ̀. Ilé àtijọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀; a ó gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, ìṣísẹ̀ méjì sínú, kí ẹni náà kọjú síta. Ojú ọ̀run ni yóò máa tàn sí i, kì í ṣe oòrùn fúnra rẹ̀. Òkùnkùn yàrá yóò wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí fíláàṣì kan tí ó lè tàn pẹ̀lẹ́ bí ẹnu ọ̀nà yẹn.

Ilẹ̀ pupa náà tún ní tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá bọ́ sórí rẹ̀ ń ta padà sókè, ó sì ń kun abẹ́ àgbọ̀n ènìyàn. Aṣọ funfun á wá dà bí èyí tí a fi osùn pa. Abẹ́ ọ̀pẹ náà kò sàn jù, nítorí ewé ń sọ ojú di aláwọ̀ ewé. Aṣọ funfun ni a ń tẹ́ sílẹ̀ níwájú ẹni tí a ń yà, kí ohun tí ó bá ta padà sí i lè jẹ́ funfun. Nígbà ọyẹ́, eruku inú afẹ́fẹ́ ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, ọ̀sán a sì rọ̀. Ìkùukùu ìgbà òjò ń ṣe iṣẹ́ kan náà, àmọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìhà Issaba kọjá ní ìgbà yẹn, kí ó múra sílẹ̀ fún amọ̀ dúdú tí ń gbé táyà alùpùpù mì.

Àwọ̀ ara wa pẹ̀lú ń béèrè ìmọ̀. Kámẹ́rà ń wọn ìmọ́lẹ̀ bí ẹni pé ohun gbogbo tí ó wà níwájú rẹ̀ kò dúdú, kò sì funfun. Bí ìyá kan bá wọ léèsì funfun, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ìyá á sì sọnù. Nítorí náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn ni a ń wọn, kì í ṣe aṣọ rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún ogún, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni Kodak fi ń ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọ̀tò gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n àwọ̀. Àwọn baba iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa fi ojú ara wọn wá òṣùwọ̀n tiwọn.

Wọ́n sì rí i. Ní Bamako, láti ọdún 1948, Seydou Keïta ń ya ènìyàn nínú àgbàlá ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, aṣọ ìtẹ́bùsùn ni ó sì kọ́kọ́ ta sẹ́yìn wọn. Cornélius Azaglo, tí a bí ní Kpalimé ní Tógò ní ọdún 1924, fìdí kalẹ̀ sí Korhogo ní Côte d'Ivoire, ó sì ń ti abúlé dé abúlé ya àwọn àgbẹ̀ tí ó nílò káàdì. Ògiri amọ̀ ni ó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ iyì kò kúrò lójú wọn. Àwọn ọmọ Yorùbá pàápàá wà lára àwọn tí ó gbé iṣẹ́ yìí káàkiri: Érika Nimis kọ odidi ìwé nípa wọn ní èdè Faransé, *Photographes d'Afrique de l'Ouest: l'expérience yoruba*, tí ó jáde ní ọdún 2005. Nítòsí wa, Joseph Moïse Agbodjélou ya àwọn ará Àjàṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kú ní ọdún 2000, ọmọ rẹ̀ Léonce Raphaël sì ti gbé iṣẹ́ náà dé àwọn gbọ̀ngàn ìpàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kí ni oníbàárà ń fẹ́? Ọmọ ìyá àgbà kan ní Ahoyéyé, tí ó ń gbé ní Kútọnu, ni ó sanwó fún wa. Ó fẹ́ kí a ya ìyá rẹ̀ níbi tí ó ti ń fún epo, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí èéfín máa rú lẹ́yìn rẹ̀. A kúnlẹ̀ kí ìyá, a sọ ohun tí ọmọ wí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ẹ má ya èmi tí ń ṣiṣẹ́ o. Èmi tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí ni kí ẹ yà.” Ó wọlé. Nígbà tí ó jáde, ó ti wé gèlè, ó ti kó iyùn sọ́rùn. Ó jókòó sórí àga tí a gbé sí ẹnu ọ̀nà, ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó sì wo kámẹ́rà gan-an láìrẹ́rìn-ín.

Àwọn tí ó gbọ́n nínú àwòrán òde òní lè sọ pé ìjókòó yẹn le jù. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn ayàwòrán ní Ìlá Ọ̀ràngún, tí ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1978, fi hàn pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn àgbà Yorùbá ń fẹ́ kí á ya àwọn, àti pé ìlànà àwọn agbẹ́gilére ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1973, Robert Farris Thompson ti to àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn Yorùbá fi ń díwọ̀n ère jọ: jíjọra, kí ère jọ ènìyàn láìṣe àṣejù, ìfarahàn, kí ohun gbogbo hàn kedere, gígún, kí ara nà ró, dídán, kí ojú rẹ̀ máa tàn. Ìyá wa kò ka ìwé kankan, ṣùgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó jókòó lé lórí. Àwa kàn bá a wá dídán ni.

Lẹ́yìn náà, a tọrọ àyè, ó sì gbà kí a ya òun nídìí epo. Àdéhùn kan ni ó bá wa ṣe: èyí àkọ́kọ́ ni kí wọ́n gbé kọ́ sí pálọ̀. A jẹ́ iṣẹ́ náà fún ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó sanwó ní ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ wà nínú àwòrán ni ó ni ojú náà.

Àwọn mìíràn rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ obìnrin elépo ń fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dọ́gba lára gbogbo wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a fi òun pamọ́. Ìbòòji ògiri gígùn ni a tò wọ́n sí. Ọlọ́kọ̀ zémidjan fẹ́ kí alùpùpù rẹ̀ máa kọ mànà. A jẹ́ kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, a sì fi fíláàṣì kékeré kan tan ojú rẹ̀ láti inú aṣọ funfun.

Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gba sùúrù. Ìjọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí Nàgó Benin, Nàìjíríà àti Tógò ní ní àpapọ̀ ti wà nínú àkójọ UNESCO. Wọ́n kéde rẹ̀ ní ọdún 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àkójọ tuntun ní ọdún 2008. Orí ni oníjó ń gbé ère sí bí fìlà, aṣọ ni ó sì bo ojú rẹ̀. Ojú méjì ni kámẹ́rà ní láti bójú tó: ti igi tí oòrùn ń pa, àti ti ènìyàn tí ó wà lábẹ́ aṣọ. Oòrùn tí ó ti ń lọ sílẹ̀ nìkan ni ó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, kí a tó ronú kan oòrùn, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ ni a ti ń gba àṣẹ. Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ Orò, kámẹ́rà wa kì í jáde nínú àpò. Àwòrán tí a kò yà wà lára iṣẹ́ ayàwòrán.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni a fẹ́ bẹ ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀. Bí ẹ bá ní àgbà ní Ahoyéyé, ní Sakété tàbí níbikíbi, ẹ má dúró de ọjọ́ ìsìnkú kí ẹ tó máa wá àwòrán rẹ̀ kiri. Ẹ bi í léèrè aṣọ tí ó fẹ́ wọ̀ àti ibi tí ó fẹ́ jókòó sí. Ẹ gbé àga rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kí ó kọjú síta. Ẹ tẹ àwòrán náà sórí ìwé, nítorí tẹlifóònù ń sọnù, ó sì ń bàjẹ́. Kí ẹ tó gbé e kọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ náà sẹ́yìn rẹ̀.