Atọ́ka Àtijọ́ àti Àwọn Tó Ń Tà Á

Atọ́ka, tí ilé-iṣẹ́ West African Book Publishers ní Ìlúpéjú, ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní ọdún 1967, jẹ́ ìwé eré oní-fọ́tò, ìyẹn ni pé fọ́tò àwọn òṣèré ni wọ́n tò tẹ̀ léra, tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sí i lédè Yorùbá. Ìwé tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà àti àkàrà ní Kẹ́tù àti Máìlì 12 ni ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ máa ń dà níkẹyìn. Fún ẹni tó bá ń wá èyí tó ṣẹ́kù, Lagos Comic Con, ìpàdé àwọn olólùfẹ́ ìwé ìtàn aláwòrán tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012, wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tuntun ló gbawájú níbẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sẹ́bàá títì ni ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ lọ. Kí ó tó dúnàá-dúrà, kí ó ṣí ìwé náà dé àárín, kí ó yẹ irin tó so ó pọ̀ wò, nítorí bí irin náà bá ti dípẹtà, tí ewé àárín sì ti já, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Èyí tó pé ewé tó owó gidi, nítorí ojú àwọn òṣèré tó ń gbé eré láti ìlú dé ìlú nígbà náà, tí ọ̀pọ̀ eré wọn kò dé inú fíìmù, wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí Atọ́ka bá wà ní àjà ilé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó o fún alákàrà.