Táyà Ni Mo Kọ́kọ́ Ń Wò

Ẹni tó bá gbọ́ pé mo ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ sí ọ̀nà jíjìn, iye jíà tó wà lára rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bi mí. Mi ò kóyán jíà kéré. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ìdí àwọn kẹ̀kẹ́ tókúnbọ̀ tí wọ́n tò sẹ́bàá títì n'Íbàdàn, ẹ̀gbẹ́ táyà lojú mi ń lọ. Màá fi àkísà tútù nu eruku ibẹ̀ títí nọ́ńbà rẹ̀ yóò fi hàn.

Irú kẹ̀kẹ́ tí mò ń sọ yìí, tí wọ́n ń pè ní trekking bike, ó wọ́pọ̀ gan-an lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì àti Nẹ́dálándì. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ eré ìje, kì í sì í ṣe ti orí àpáta. Ó ní káríà fún ẹrù, ó ní mọ́dígáàdì, ó ní iná, èèyàn sì lè gùn ún láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ̀yìn má ro ó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwọn kọ́ ni mo fẹ́ gbà. Mọ́níyà ni mo fẹ́ gbà dé Ìjàyè, kí n dé Ìsẹ́yìn, kí n tún tẹ̀ síwájú sí Òkèhò àti Ṣakí ní agbègbè Òkè-Ògùn. Ohun tó bá bà jẹ́ ní Òkè-Ògùn, Òkè-Ògùn náà ló gbọ́dọ̀ ti ṣeé tún ṣe. Ìyẹn ni mo fi ń yan gbogbo nǹkan tó kù.

Tẹ́ ẹ bá rí 28 lára táyà, ẹ má tíì yọ̀. 28 ni Raleigh ńlá tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko. 28 náà ni wọ́n ń pe kẹ̀kẹ́ Jámánì yìí. Bẹ́ẹ̀ táyà ọ̀kan ò lè bá èkejì mu láéláé. Nọ́ńbà tó ṣeé gbára lé ni èyí tí wọ́n kọ bíi 40-635 tàbí 37-622. Ti iwájú ni fífẹ̀ táyà. Ti ẹ̀yìn ni ìwọ̀n ibi tí táyà ti jókòó sórí rímù, láti etí kan sí ìkejì, ní mìlímítà. Ti Raleigh yẹn jẹ́ 635, ti trekking jẹ́ 622. Mìlímítà 13 péré ló wà láàárín wọn, síbẹ̀ kò sí agbára tó lè fa táyà 622 wọ rímù 635. Ẹni tó bá sì fi 635 sórí 622, ṣe ni yóò máa yọ kúrò lórí rímù bó bá ti ń fún un ní atẹ́gùn. Bọ́rọ̀ 26 náà ṣe rí nìyẹn: ti kẹ̀kẹ́ orí àpáta jẹ́ 559, ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 590.

559 ni mo mú. Òun ni mo máa ń rí jù lọ́jà, ó sì ti pẹ́ tí àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ la ilẹ̀ ayé kọjá ti ń yàn án fún ìdí kan náà. Mo tún fẹ́ kí ẹnu túbù rẹ̀ nípọn bíi ti mọ́tò àti ọ̀kadà, kí fọ́gánáísà èyíkéyìí lè fún un ní atẹ́gùn. Ẹnu túbù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ Yúróòpù kò bá póǹpù àwọn fọ́gánáísà mu.

Bàbá kan wà n'Ísẹ́yìn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó dojú kẹ̀kẹ́ mi bolẹ̀, ó ń yí táyà ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, ó ń fi èékánná ta sípóòkì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dẹtí.

“Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, kí lẹ̀ ń gbọ́?”

“Èyí tó bá ti dẹ̀ kì í dún dáadáa, ọmọ mi. Àwọn tó kù ló ń bá a ru ẹrù. Àwọn náà ló máa padà já.”

Láti ọjọ́ náà, mi ò ra rímù ẹ̀yìn tí sípóòkì rẹ̀ kò pé 36. Ẹ̀yìn ni ẹrù àti èmi fúnra mi ń tẹ̀ sí jù. Bí sípóòkì bá sì já ní ẹ̀gbẹ́ tí jíà wà, àfi kéèyàn kọ́kọ́ tú jíà ọ̀hún kúrò kó tó lè ki tuntun bọ̀ ọ́, nítorí náà irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tú u kì í kúrò nínú àpò mi.

Férémù, irin ni. Wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà lè jó irin tó bá sán, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù kọjá agbára ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. Irin náà ni káríà. Bírèkì onírọ́bà tó ń lo wáyà ni mo fẹ́, kì í ṣe olóróró.

Ṣéènì ò fẹ́ eruku ọyẹ́. Mo ń nù ún gbẹ kí n tó kán òróró sí i, mo sì ń fi rúlà wọ̀n ọ́n: lára ṣéènì tuntun, láti ìṣó kìíní dé ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jẹ́ ínṣì 12 géérégé. Tó bá ti fi 1/16 ínṣì lé, mo ń pààrọ̀ rẹ̀ kó má baà jẹ eyín jíà.

Ní ti jíà, àwọn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ní ó ní 27, mẹ́ta níwájú, mẹ́sàn-án lẹ́yìn, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Èyí tó fúyẹ́ jù ni mo ń wò: eyín 26 níwájú, 34 lẹ́yìn. Ìyẹn ló ń gbé mi gun òkè tòun tẹrù. Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn tí ilé-iṣẹ́ Rohloff ti Jámánì gbé jáde ní 1998 kó jíà 14 sínú, eruku ò rí i, òróró rẹ̀ ò sì gbà ju ìpààrọ̀ kan lọ ní gbogbo kìlómítà 5,000. Iṣẹ́ ọwọ́ tó wú mi lórí ni. Ṣùgbọ́n bó bá kọṣẹ́ ní Ṣakí, mi ò mọ ẹni tí màá gbé e fún. Owó rẹ̀, màá fi ra rímù tó lágbára àti táyà tó nípọn, kí Bàbá Ìsẹ́yìn bá mi hun sípóòkì rẹ̀.