Ta Ni Yóò Fún Dókítà Yìí Ní Fírídọ̀mù?

Ọmọ télọ̀ mọ ọjọ́ tí yóò gba fírídọ̀mù. Ọmọ mẹkáníìkì náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá á gbàdúrà lé e lórí, wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á jó, ó parí. Ṣùgbọ́n dókítà obìnrin kan wà nílẹ̀ wa yìí, ó ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀ jàńrẹrẹ, síbẹ̀ kò mọ ẹni tí yóò tú òun sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí tí òun ń kọ́.

Kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun. Láàárọ̀, á tọ́jú aláìsàn ní wọ́ọ̀dù. Lọ́sàn-án, á gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tó bá gbà fún un, á kọ ìdáhùn wọn sínú fọ́ọ̀mù. Lóru, bí iná bá wà, á jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ohun tó ń wá ni ìdí tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi ń gbé àwọn tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún dè.

Ọ̀gá tí wọ́n kọ́kọ́ fi í sí lábẹ́, báàgì ló ń gbé fún wọn. Ọdún méjì gbáko! Ó kó fọ́ọ̀mù jọ, ó ṣe ìṣirò, ó kọ gbogbo rẹ̀ jáde. Ìgbà tí iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé àwọn oníṣègùn lókè òkun, orúkọ ọ̀gá ló ṣíwájú. Orúkọ ìyàwó ọ̀gá, tí kò fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, ló tẹ̀ lé e. Tirẹ̀ dà? Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àti dírẹ́bà. (Ọpẹ́ tọ́ sí nọ́ọ̀sì àti dírẹ́bà o, ìyẹn kọ́ ni ẹjọ́.)

Ó lọ bá ọ̀gá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, orúkọ mi ńkọ́?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! Nígbà tí àwa náà wà ní kékeré, ta ló kọ orúkọ wa?"

Ó délé, ó sunkún. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló wá ìwé ìdánwò PLAB, èyí tí àwọn dókítà ń ṣe kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ní ìlú ọba.

Hówù! Ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ nídìí iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn? Ẹ wo Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, ló wo àwọn ará oko tí ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n, tí ojú wọn ń ṣú, tó sì so àìsàn náà mọ́ májèlé sayánáìdì inú gbágùúdá tí wọn kò ṣe dáadáa. Ní 1968, iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé Brain. Lẹ́yìn náà, ní 1992, Ìbàdàn àti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn arúgbó tí iyè wọn ń ra. Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995. Iṣẹ́ náà kò kú. Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn yòókù gbà á lọ́wọ́ wọn, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2001: nínú ọgọ́rùn-ún arúgbó, ẹni 1.35 ni àìsàn náà ń mú lọ́dún ní Ìdíkàn, ó tó 3.24 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Ní 2018, Mayọ̀wá Owólabí, tó wà lẹ́yìn wọn ní ẹ̀ka kan náà, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀ ní Gánà àti Nàìjíríà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú, àìjẹ ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀fọ́ tí à ń rà lọ́jà!

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́. Ètò CARTA, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, tó sì kó yunifásítì Ìbàdàn àti Ifẹ̀ mọ́ra, ti kó àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ jọ fún ìpàdé ẹ̀kọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó gboyè. Ṣùgbọ́n owó kò lè jókòó ti ọmọ kó máa tún gbólóhùn rẹ̀ ṣe.

Orí ló bá dókítà wa ṣe é. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn, màmá kan tí bírò pupa kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ọjọ́ Túsìdeè, aago méjì. Ìwé àkọ́kọ́ tó gbé lọ, bí ẹni pé wọ́n da epo lé e lórí. Inú bí i. Wọ́n ní, "Jókòó. Kí ni aláìsàn máa fi èyí ṣe? Bí o kò bá lè sọ ọ́ fún ìyá aláta, o kò tíì mọ̀ ọ́n." Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ owó ìwádìí. Ó tọrọ, wọn kò fún un. Wọ́n ní kó tún un kọ. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ jáde, orúkọ rẹ̀ ló ṣíwájú, ti màmá gbẹ̀yìn.

Ìwé PLAB ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀. Ìyá rẹ̀ bi í lálẹ́ ọjọ́ kan, "Ṣé o ò ní lọ mọ́ ni?" Ó ní òun kò tíì mọ̀. Owó oṣù kò tó ná, ọmọ méjì ló ń bẹ nílé ìwé.

Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń bá a gba ẹ̀jẹ̀ ní wọ́ọ̀dù báyìí. Lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá, ó ṣí kọ̀ǹpútà láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. Orúkọ ọmọ yẹn ló kọ́kọ́ tẹ̀ sórí rẹ̀.