Ìwé Tí Mo Bá Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ ní Ìgàndó

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Ìkòtún lọ sí Ìgàndó lónìí, ìsọ̀ ni yóò máa rí lọ́tùn-ún, ilé ni yóò máa rí lósì, títí yóò fi já sí títì tó ti LASU lọ sí Ìṣẹ́rì. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2006, ẹni 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan. Nígbà èwe mi, oko àwọn Àwórì ni mo mọ̀ níbẹ̀. Mo padà lọ ní oṣù tó kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ kan tó ti há mi lọ́fun láti ọdún 1964.

Ní ọdún náà, wọ́n rán mi lọ lo ọlidé oṣù August lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Mo wọ rélùwéè ní Ìdó, mo sì sọ̀ ní Agége. Ìrìn kékeré ni, síbẹ̀ mo ti kúrò lábẹ́ ìjọba kan bọ́ sábẹ́ òmíràn: ìjọba àpapọ̀ ló ni Èkó, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ni Agége àti Ìgàndó, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù May, ọdún 1967. Bí mo ti sọ̀, àwọn Hausa ń di obì gbànja sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tẹ́ nínú, láti kó o lọ sókè Ọya.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń dúró dè mí pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Ó de àpótí mi mọ́ ẹ̀yìn, ó gbé èmi náà jókòó sórí irin iwájú, ó sì wa kẹ̀kẹ́ gba Ẹgbẹ́dá kọjá títí a fi dé Ìgàndó. Kò jẹ́ kí n fi bàtà mi tẹ ẹrẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yìí kò mọ̀wé. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù January, ọdún 1955, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò tó iṣẹ́ oko, bàbá rẹ̀ kò sì yọ̀ǹda rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ọkàn rẹ̀ fà sí, ọmọ ìyá kan tó ń yan gàrí, ti jáde ìwé mẹ́fà ní tirẹ̀. Ìtìjú kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi lè bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kí n bá òun kọ̀wé sí i.

A jókòó sí abà, ó ń sọ, mo ń kọ. Ó ní, “Sọ fún un pé bí mo bá ń kọ ebè, orúkọ rẹ̀ ni mo fi ń kà á.” Ẹnu yà mí. Èmi tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kò lè ronú kan irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà ti ń wo ọmọbìnrin náà láti ọjọ́ tó ti fún mi ní àgbàdo sísun, tó sì fi bàtà Èkó mi ṣẹ̀fẹ̀. Owú gbá mi láyà. Mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà pé, ṣùgbọ́n n kò kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sí ìsàlẹ̀.

Ní odò, ọmọbìnrin náà bi mí léèrè pé, “Ta ló kọ ìwé yìí?”

Mo ní, “Èmi ni.”

Ẹ̀yin ará, ṣé irọ́ ni mo pa? Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, èmi ló ń fi àgbàdo rẹ̀ pamọ́ fún. Ẹ̀gbọ́n mi retí èsì títí. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan, ó bá wa létí odò, à ń rẹ́rìn-ín. Kò lù mí, kò bú mi. Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gba Agége lọ, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Nígbà tí ọlidé parí, èmi ni mo ru àpótí mi lórí, mo fi ẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀ dé Ẹgbẹ́dá. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n ti mú ọmọbìnrin náà lọ sílé ọkọ ní Bàdágírì. Àwa méjèèjì pàdánù rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá kọjá kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó tún kí ara wa, níbi òkú bàbá mi. Láti ìgbà náà, kò sí ìjà mọ́, ṣùgbọ́n n kò jẹ́wọ́.

Ní oṣù tó kọjá, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìgàndó, ó ń gba atẹ́gùn. Mo béèrè odò wa. Ó nawọ́ sí gọ́tà kan lábẹ́ títì. Mo wá dọ̀bálẹ̀, mo sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, “Ṣé ó fẹ́ràn ìwé náà?”

Mo ní, “Ó fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ẹ̀gbọ́n.”

Ó mi orí, ó ní, “Ó dára. Ọ̀rọ̀ mi ni.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkọ, ẹ kọ́ ọ pẹ̀lú pé kí ó máa kọ orúkọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀.