Ẹ̀rù Abẹ Kò Mọ Ọkùnrin

Ìpá ló ń ṣe mí. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe máa ń fi ìpá ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín àwa Yorùbá yóò mọ ìdí tí mo fi gbé e pamọ́ sábẹ́ agbádá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó yá, dókítà kan n'Ìbàdàn là á mọ́lẹ̀ fún mi pé ìfun ló ń gba ibi tí iṣan abẹ́ ikùn ti ṣí yọ síta, kò sì sí àgbo tó lè dí ojú ihò náà. Bí ìfun bá lọ há síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Iṣẹ́ abẹ tí mò ń sá fún á wá di ti òjijì.

Mo gbọ́, ó sì yé mi. Síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí.

Kì í ṣe abẹ gan-an ni mò ń bẹ̀rù. Oorun ni: kí wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́, kí n sùn, kí n má jí mọ́. Bí mo bá ti dẹ́nu lé e, "Ẹ ṣọkàn akin" ni àwọn kan tó wá bẹ̀ mí wò ń sọ, àwọn mìíràn á sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn lágbájá tó wọ tíátà tí kò jáde. Ká ní mo lágbára ni, ǹ bá ti fòfin de irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Àdúrà ìyàwó mi mú mi lọ́kàn le, mi ò ní purọ́, àmọ́ tó bá di òru, ẹ̀rù náà á tún dé.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí mo lè bí ló tú mi sílẹ̀. Òun ni dókítà tó ń kunni lóorun, ó sì wá bá mi ní wọ́ọ̀dù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà. "Bàbá, kí ló ń bà yín lẹ́rù gan-an?" Kò ní kí n má bẹ̀rù. Mo sọ ọ́. Ó ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ti tó fún irú tèmi: láti ìbàdí dé ẹsẹ̀ nìkan ni yóò kú tipiri, ojú mi á là sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n bá tiẹ̀ kùn lóorun pàápàá, ẹnì kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí yóò máa ṣọ́ èémí wọn, ọkàn wọn àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn. Èmi ti rò pé wọ́n kàn ń fini sílẹ̀ ni! Mo bi í léèrè ìdí tí mi ò fi gbọ́dọ̀ fẹnu kan oúnjẹ láti òru. Ó ní oúnjẹ inú lè padà sókè, kó sì gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní kí n ka gbogbo àgbo tí mò ń mu, títí dórí aáyù, torí aáyù lè má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá.

Láàárọ̀, nọ́ọ̀sì bi mí lórúkọ, ó bi mí ní iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe àti apá ibi tí ìpá náà wà. Ní tíátà, wọ́n tún bi mí. Ó kọ́kọ́ ká mi lára: àbí wọn ò mọ ẹni tí wọ́n fẹ́ gé ni? Àṣé ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2008 ni, kí wọ́n má baà lọ gé ọ̀tún nígbà tó jẹ́ òsì ló ń dunni.

Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n nígbà tí mo tẹ̀ ba fún abẹ́rẹ́ náà. Mo gbọ́ tí irin ń kan irin, mo gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn bọ́ọ̀lù lórí mi. Àríyànjiyàn yẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ ní kí wọ́n pe dókítà tó máa kùn yín lóorun wá. Ẹ bi í ní gbogbo ìbéèrè tó bá wà nínú yín, kódà èyí tó bá ń tì yín lójú.