Omi Kò Gbé Èéfín Náà Lọ

Bọ́ọ̀sì wa tó ń lọ sí New Orleans dákú lẹ́yìn Beaumont, níbi tí kò sí igi tí ènìyàn lè sá sábẹ́ rẹ̀. Wákàtí méjì la fi jókòó sójú oòrùn kí wọ́n tó gbé òmíràn wá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí mo dé sí lọ́dọ̀ ní Houston kò yé pè mí.

"Ṣebí mo ní kí o ní sùúrù di Sátidé, kí n fi mọ́tò gbé ẹ lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń ṣeré níbẹ̀. Bí mo bá lọ ní Sátidé, fọ́tò nìkan ni màá bá."

"Ṣé kì í ṣe fọ́tò lo ń lọ wò ni?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Fọ́tò ni mo ń lọ wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò àwọn olórin jáàsì ni, mi ò sì fẹ́ wò ó nínú ìdákẹ́rọ́rọ́.

Fọ́tò yíyà ni bàbá mi fi tọ́ wa. Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Dáàkìrúùmù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tóbi ju balùwẹ̀ lọ: gílóòbù pupa kan, abọ́ kẹ́míkà mẹ́ta, okùn tí wọ́n ń sá fọ́tò sí. Wọ́n lẹ àwòrán kan mọ́ ògiri níbẹ̀, èyí tí wọ́n gé nínú ìwé ìròyìn òyìnbó kan: ọkùnrin gíga kan jókòó, ó dé fìlà, sasofóònù wà lórí itan rẹ̀, èéfín sìgá sì bo òkè orí rẹ̀. Bàbá mi kì í mu sìgá, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu ún nítòsí wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń mi fọ́tò nínú kẹ́míkà, wọ́n á gbójú sókè wo ọkùnrin yẹn, wọ́n á ní, "Ta ló tan iná sí èéfín yìí?" Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bi. Ara wọn ni wọ́n ń bi.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé Dexter Gordon ni ọkùnrin náà, pé ilé ijó kan tó ń jẹ́ Royal Roost ní New York ni wọ́n ti yà á ní 1948, àti pé Herman Leonard ló yà á. Ọmọ Allentown ní Pennsylvania ni Leonard, 1923 ni wọ́n bí i. Ó kọ́ṣẹ́ fọ́tò yíyà lọ́dọ̀ Yousuf Karsh ní Kánádà, kí ó tó kó lọ sí New York. Kò ní owó tí yóò máa fi wọ ilé ijó lálaalẹ́, ló bá lọ bá àwọn oníbẹ̀ ṣe àdéhùn: ẹ jẹ́ kí n wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, màá ya fọ́tò tí ẹ ó fi polówó fún yín. Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ mi. Orin ló ń wá kiri, kámẹ́rà ló fi ṣe tíkẹ́ẹ̀tì.

Aago mẹ́fà ku díẹ̀ ni bọ́ọ̀sì já wa sílẹ̀ ní New Orleans. Mo fẹsẹ̀ rìn. Mo kọjá oríta róbótó kan tí òpó òkúta gíga wà láàárín rẹ̀, láìsí ohunkóhun lórí òpó náà. Ère Robert E. Lee ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀gágun tó ṣíwájú ogun fún àwọn ìpínlẹ̀ tí kò fẹ́ tú ẹrú sílẹ̀. Ìjọba ìlú sọ ère náà kalẹ̀ ní 2017, wọ́n fi òpó sílẹ̀. Ṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n ṣí fìlà lórí rẹ̀ láàárín ọjà.

Ibi tí mo ń lọ kò jìnnà sí ibẹ̀: Ogden Museum of Southern Art, ní òpópónà Camp. Ilé alájà márùn-ún tí wọ́n ṣí ní 2003 ni. Ní ìrọ̀lẹ́ àwọn Ọjọ́bọ̀ kan, àwọn olórin máa ń ṣeré ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe wọlé, onílù ń fọwọ́ kan ìlù rẹ̀ wò, ẹni tó ni tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì sì ń gbọn itọ́ inú rẹ̀ dà sílẹ̀. Ojú ti ń kán mi. Mi ò dúró. Mo gun àtẹ̀gùn lọ bá fọ́tò.

Dexter wà níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ láti kékeré kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ti pọ́n, kẹ́míkà sì ti ta sí i lára. Èyí tóbi, ó dúdú kirikiri, funfun rẹ̀ sì mọ́ bí wàrà. Mo sún mọ́ ọn títí tí obìnrin aṣọ́nà kan fi rọra wúkọ́. Fláàṣì méjì ni Leonard máa ń lò. Ó máa ń gbé wọn sítòsí iná ilé ijó náà gan-an, kí ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ lè bá ti ibẹ̀ mu, ọ̀kan nínú wọn á sì máa ti ẹ̀yìn olórin wá. Iná ẹ̀yìn yẹn ló mú èéfín. Bó bá jẹ́ iwájú nìkan ni iná wà, èéfín ì bá ti pòórá. Iṣẹ́ òde ìgbéyàwó ni mò ń ṣe. Iwájú gbọnrangandan ni èmi ń tan fláàṣì sí, tí ojú ìyá ìyàwó á fi funfun bí ẹfun. Mo lè ya ẹgbẹ̀rún méjì fọ́tò ní òde kan. Kámẹ́rà Speed Graphic ni Leonard ń gbé kiri, ràgàjì kan báyìí, fíìmù méjì péré ló sì wà nínú àpò fíìmù kọ̀ọ̀kan. Kò lè fi ṣòfò.

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni fọ́tò tó mú mi jù wà. Kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Àpótí sasofóònù ni, pẹ̀lú fìlà tí wọ́n fi kọ́ etí rẹ̀, ìwé orin, ìgò kóòkì, àti sìgá tí wọ́n fi lé orí ìgò náà, tó ṣì ń rú. Olórin jáàsì kan, Lester Young, ló ni gbogbo ẹ̀. Leonard ya ẹrù ọkùnrin náà, ọkùnrin náà sì wà níbẹ̀.

Ìgbà yẹn gan-an ni orin bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn wá bá mi, ìlù tẹ̀lé e. Mo wo sìgá Lester, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé èéfín rẹ̀ mì.

Ilé yìí ní ẹ̀tọ́ sí fọ́tò Leonard ju ibòmíràn lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Leonard fi New Orleans ṣelé. Nígbà tí ìjì Katrina dé ní oṣù kẹjọ 2005, omi wọ ilé rẹ̀, ó sì ba nǹkan bí 8,000 fọ́tò jẹ́, pẹ̀lú ìwé tó fi ń ṣàkọsílẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kó nẹ́gátíìfù rẹ̀ wá síbí kí omi tó dé, wọ́n tì í mọ́ yàrá ìṣúra. Bàbá mi máa ń sọ pé nẹ́gátíìfù ni ìyá, fọ́tò ni ọmọ. Omi gbé ọmọ lọ, ìyá kù. Leonard kó lọ sí Los Angeles, ó sì tún ń tẹ fọ́tò látinú wọn títí ó fi kú ní 2010.

Aago méje kọjá. Ó ti lé ní aago kan òru n'Ìbàdàn, ṣùgbọ́n àgbà kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn. Mo jáde sórí àtẹ̀gùn, mo pe bàbá mi.

"Ẹ kú oorun o, Bàbá. Mo ti rí i."

"Kí lo rí?"

"Èéfín yẹn. Ẹni tó ya fọ́tò náà ló tan iná sí i. Iná méjì ni, ọ̀kan wá láti ẹ̀yìn."

Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já.

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn ló ní láti wà," wọ́n ní. "Kí ló ń dún lẹ́yìn rẹ yẹn?"

"Àwọn olórin ni, Bàbá, nísàlẹ̀ ilé."

"Gbé fóònù sún mọ́ wọn. Kí o sì dákẹ́."